Kókó Abẹ́ Èékánná Tó Jẹ́ Orúkọ Orílẹ̀-èdè Wa

Omi tútù ló kọ́kọ́ fi yé mi pé nǹkan kan ń bẹ lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún mi. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ Parakou kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ó máa ń la ètè ènìyàn, omi inú ìkòkò á sì tutù bí ẹni pé ìsàlẹ̀ kànga ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á. Mo jí láti kírun ìdájí, mo bu omi sínú bútà, mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé láti ṣe àlùwàlá. Bí omi yẹn ṣe kan àtàǹpàkò mi báyìí, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ èékánná náà, abẹ́rẹ́ ọ̀hún sì gba inú apá mi lọ títí dé èjìká. Bútà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọkọ mi pariwo láti inú yàrá: "Kí ló fọ́ o?"

"Bútà onípáànù kì í fọ́," ni mo fèsì. "Ọwọ́ mi ló fẹ́ fọ́."

Zongo là ń gbé nígbà náà, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń gbéra lọ sí ọ̀nà Malanville. Ọkọ mi ń wa ọ̀kan nínú wọn. Èmi, onídìrí ni mí. Mo ní ibòji kékeré kan ní ọjà Arzèkè, lẹ́yìn àwọn aláṣọ, ibẹ̀ ni mo ti ń dirun fún ènìyàn. Irun olówùú ni mo mọ̀ jù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ohun tó jẹ́ nìyí: ẹ ó mú ìwọ̀n irun díẹ̀, ẹ ó fi òwú dúdú wé e láti ìdí dé orí, ẹ ó máa fà á kó le. Ọwọ́ òsì ló ń di irun mú. Àtàǹpàkò ọ̀tún ló ń tẹ òwú mọ́ ọn kó má tú. Onídìrí tí kò bá ní àtàǹpàkò ọ̀tún, kó yáa lọ máa ta iyọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára.

Kí n tó ṣàlàyé tán ni gbogbo ènìyàn ti mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àkàndùn ni. Wọ́n ní kí n lu ọsàn wẹ́wẹ́, kí n ti ìka bọ inú rẹ̀. Mo tì í bọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n fi eérú gbígbóná sí i. Mo fi sí i, ara sì tù mí nígbà tí ó gbóná, ṣùgbọ́n kété tó bá ti tutù, ìrora náà á padà dé bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Àkàndùn tí mo mọ̀, ó máa ń wú, á ṣọyún, á tú, ọ̀rọ̀ á parí. Tèmi kò wú. Kò ṣọyún. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Bí mo bá rọra fi etí tábìlì kàn án, mo lè sunkún lójú àwọn oníbàárà mi.

Mo máa ń lé làálì sí èékánná, bí àwọn obìnrin Zongo ṣe ń ṣe. Láti ìgbà Ìtúnu Ààwẹ̀ ni mo ti lé ti ọdún náà, ó sì ti ń dàgbà kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àwọn èékánná yòókù ti mọ́ láti ìdí, mo ṣàkíyèsí pé ti àtàǹpàkò yẹn ṣì ní àmì pupa kan nísàlẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo fi òkúta wẹ́wẹ́ ha á, kò lọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé pupa yẹn kì í ṣe ti làálì. Inú ló ti ń wá.

Obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò ó, ó mi orí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e," ló wí.

"Gé kí ni?"

"Ìka náà ni. Kó má bàa jẹ wọ apá. Mo mọ ẹnì kan ní Ṣábẹ̀ tí wọn ò tètè gé tiẹ̀."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Ó kú."

"Ikú ìka?"

"Ẹ̀n, ó ti dàgbà náà," ló wí, ó sì yíjú sí ẹja rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá ti mú òwú dání, ọ̀rọ̀ "gé e" á máa dún létí mi.

Ọkọ mi ló gbọ́ ní ibùdókọ̀ pé dókítà awọ ara kan ti dé sí ilé ìwòsàn ńlá. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ará Faransé. Ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba wa ń bá ṣọ̀rẹ́ nígbà náà ló rán an wá. Àwọn adẹ́tẹ̀ ló ń wò jù lọ, nítorí náà àwọn ènìyàn kì í fẹ́ kí wọ́n rí wọn lórí ìlà rẹ̀. Èmi fi ìborùn bojú, mo tò, ọkọ mi sì dúró dè mí níta. Obìnrin tó wà níwájú mi náà fi ìborùn bojú. Nígbà tí a jókòó pẹ́ tí ooru mú wa, àwa méjèèjì ṣí ojú, àfi ìgbà tí a rí i pé oníbàárà mi ni. A kàn béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ ara wa.

Nọ́ọ̀sì tó wà pẹ̀lú dókítà náà, ọmọ Dẹndi ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá ọjà dáadáa. Òun ló ń gba ọ̀rọ̀ láàárín wa. Dókítà yẹn tín-ín-rín, òógùn bò ó, ó sì ní sùúrù. Kò bú mi pé mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọwọ́. Ó fọ àtàǹpàkò náà, ó nù ún, ó wá mú awò kékeré kan jáde láti inú àpótí aláwọ. Awò náà kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, iná wẹ́wẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀ bíi ti tọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì ní láti ìlú rẹ̀ ló ti gbé e wá, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án.

Ó na ọwọ́ sí ìgò kan, ó gbọn ọ́n, kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Òróró rẹ̀ ti tán," ni nọ́ọ̀sì sọ fún mi. "Wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Kútọnu."

Nígbà yẹn, gbogbo nǹkan ló ń bọ̀ láti Kútọnu. Ṣúgà ń bọ̀, ọṣẹ ń bọ̀. Bí a bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin, a ó nà gìrọ̀, a ó wò ó, a ó sì padà jókòó.

"Irú òróró wo ló ń fẹ́?" ni mo béèrè.

"Èyí tó bá ṣáà mọ́ gaara."

Mo ní òróró ẹ̀pà nínú báàgì mi, èyí tí mo fi ń ra orí oníbàárà kí n tó dirun. Mo ti sẹ́ ẹ nípasẹ̀ aṣọ funfun, kò ní pàǹtí. Mo gbé e jáde. Dókítà gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka méjì ra á, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan kan.

"Ó ní ó dáa," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó ní ebi sì ti ń pa òun."

Ó kán an sórí èékánná mi, ẹ̀kán kan ṣoṣo, ó gbé awò lé e lórí, ó tẹ ojú mọ́ ọn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì léèrè pé kí ni òróró wà fún. Ó ní ara ènìyàn máa ń dán, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ta padà sójú ẹni tó ń wò ó; òróró ló ń pa dídán náà kí ojú lè wọ inú. Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, bí òróró bá ti rin ín, ṣebí ẹ lè fi í wo oòrùn. Bí wọ́n ṣe sọ èékánná mi di bébà àkàrà nìyẹn.

Nígbà tó yá, ó sún sẹ́yìn, ó sì ní kí èmi náà wá wò ó. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo gbé ojú kan sí i. Mo rí ìlà gbọọrọ gbọọrọ tó tò bí aporo inú oko iṣu. Èékánná mi nìyẹn. Láàárín aporo náà, nísàlẹ̀, mo rí àmì kan tó rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dòdò, bí omi ìṣapá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Etí rẹ̀ kò mú. Ó kàn ń yọ́ lọ sínú awọ bí omi ìṣapá tó dà sórí aṣọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọ́n tún ti ara rẹ̀ jáde lọ sókè. Mo ti ń gbé ìka yẹn kiri láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò mọ̀ pé inú rẹ̀ lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

"Ó ní kò sí dúdú níbẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Dúdú ni òun kọ́kọ́ ń wá. Bó bá jẹ́ dúdú ló ń ṣàn láti abẹ́ èékánná wá sí ara awọ, ọ̀rọ̀ míì la ò bá máa sọ."

Dókítà wá ń wò yíká bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ gún nǹkan, ó wo orí mi, ó sì tọ́ka. Ìkótí mi ló rí, èyí tí mo fi ń ya irun, tí mo máa ń kì bọ inú gèlè kó má bàa sọnù. Mo fún un. Ìdí rẹ̀ tó rí roboto ló lò. Ó rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ èékánná. Kò dùn mí. Ó tẹ òkè. Kò dùn mí. Ó tẹ orí àmì pupa yẹn. Mo ta tábìlì nípàá.

"Ìyá, ẹ rọra," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ohun ìní ìjọba ni tábìlì yẹn."

Dókítà dunnú bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù. Ó ní kí nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ohun tó ṣọ̀wọ́n ni mo gbé wá. Òun kò tíì rí i ju díẹ̀ lọ láti ìgbà tí òun ti ń ṣe dókítà.

"Sọ fún un pé mo kí i," ni mo wí. "Ṣúgà ṣọ̀wọ́n, ọṣẹ ṣọ̀wọ́n, ṣé èyí tó ṣọ̀wọ́n yìí nìkan ló wá rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mi?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ nìyí. Kí nọ́ọ̀sì tó túmọ̀ èyí, wọ́n lu irin níta. Ìpàdé ni. Nígbà yẹn, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa ń ṣe ìpàdé láti gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìlú tuntun tí a fẹ́ kọ́. Ẹni tí kò bá lọ, wọ́n á fi ojú burúkú wò ó. Nọ́ọ̀sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, bàbá wọn wà níta, àbí? Ẹ jẹ́ kó wọlé kó wá gbọ́ èyí tó kù."

Bí ọkọ mi ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn. Faransé tó mọ̀, Faransé ojú títì ni: ìwé ọkọ̀ dà, sọ̀ kalẹ̀, kí lo kó, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá. Ó dúró ṣánṣán bí ẹni tó wà níwájú ṣọ́jà. Dókítà ń sọ̀rọ̀, Faransé tiẹ̀ náà kò já gaara, ó ń fọ́ ọ bí ẹni ń fọ́ iyán gbígbẹ. Ọkọ mi ń sọ pé "wí, wí," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni lédè wọn, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Dókítà gbá a léjìká, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó kọ ọjọ́ tí a ó padà wá sórí bébà, ó pe ẹlòmíì.

Bí a ṣe ń rìn láti ilé ìwòsàn padà sí Zongo, ọkọ mi yà sọ́dọ̀ onísuyà. Ó ra ẹran suyà fún mi lójú ọ̀nà. Láti ìgbà ìgbéyàwó wa, kò ra ẹran fún mi lójú ọ̀nà rí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

"Bàbá wọn, kí ni dókítà wí?"

"Ó ní wọ́n máa gé nǹkan."

"Ìka mi?"

"Ó sọ pé kékeré. Mi ò mọ̀ bóyá ìka ni ó pè ní kékeré."

"Kí ló tún wí?"

Ó wo ẹran tó wà lọ́wọ́ mi.

"Jẹ ẹran rẹ ná."

"Mo ti jẹ ẹ́. Kí ló tún wí?"

"Ó ní túmọ́ọ̀."

"Kí ni túmọ́ọ̀?"

"Ohun tí àwọn ṣọ́jà máa ń sọ fún wa ní bodè náà ni. Bí o bá gbé ẹsẹ̀, túmọ́ọ̀. O ó kú nìyẹn. Ó ní o ó kú."

Mo jókòó sórí ìtí igi kan tó wà níbẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa?"

"Ó sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó tún ń dárúkọ orílẹ̀-èdè wa tẹ̀ lé e. Túmọ́ọ̀ Bénẹ̀. Túmọ́ọ̀ Bénẹ̀."

Ẹ rántí pé kò pẹ́ tí wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa padà nígbà náà. Dàhómì la jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ní Bénẹ̀ la ó máa jẹ́. Orúkọ náà ṣì jẹ́ tuntun lẹ́nu wa, lórí rédíò ni a ti máa ń gbọ́ ọ jù.

"Kí ni ti Bénẹ̀ nínú ikú mi?" ni mo béèrè.

Ọkọ mi rò ó. "Bóyá ó ní o ó kú fún Bénẹ̀. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ìpàdé náà nìyẹn, pé kí gbogbo wa múra tán láti kú fún ìlú."

"Èmi ò lọ sí ìpàdé kankan."

"Mo mọ̀."

"Irun ni mò ń dì."

"Mo mọ̀, ìyá wọn. Mo mọ̀."

Ní báyìí tí mo ń kọ ọ́, ẹ̀rín ló ń pa mí. Ní ọjọ́ yẹn, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Dókítà ti wo inú èékánná mi pẹ̀lú iná, ó ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ikú. Kí ni mo fẹ́ fi jà á níyàn? Mo rò ó títí, mo sì pinnu. Bí mo bá máa kú, kò sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ gé mi kí n tó kú. Mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò padà sí ilé ìwòsàn mọ́. Ìka mẹ́wàá ni mo gbé wáyé, ìka mẹ́wàá ni mo máa gbé lọ.

Kò bá mi jiyàn. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń jí ṣáájú mi, tó ń dá iná, tó ń gbóná omi sínú bútà, tó ń gbé e wá síwájú mi kí n tó dìde. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí a ń kó igi ìdáná sí tẹ́lẹ̀. Omi gbígbóná yẹn ni kò jẹ́ kí n máa sunkún ní ìdájí. Èmi náà ń tún ilé ṣe. Mo tú àpótí aṣọ mi, mo ya èyí tí màá wọ̀ àti èyí tí àwọn ọmọ máa pín sọ́tọ̀. Mo sì ń lọ sí ọjà lójoojúmọ́, nítorí ẹni tí kò tíì kú gbọ́dọ̀ jẹun.

Oníbàárà mi kan wà tó jẹ́ olùkọ́ ní àdúgbò Ladjifarani. Ọmọ Kétu ni, onígbàgbọ́, ìjọba ló gbé e wá sí Parakou. Ó máa ń wá dirun bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń parí. Ìwọ̀nba ọjọ́ ló kù kí ọjọ́ tí dókítà kọ sórí bébà pé, nígbà tó jókòó síwájú mi. Mò ń fi ìka ìlábẹ̀ tẹ òwú dípò àtàǹpàkò, ọwọ́ mi kò sì gún.

"Ìyá, ẹ rọra o," ló wí. "Orí mi lẹ ń fà yìí, kì í ṣe okùn ewúrẹ́."

"Má bínú, Màdámù. Ẹni tó ń kú lọ kì í mọ bó ṣe ń fà."

"Ta ló ń kú lọ?"

"Èmi ni. Dókítà ló sọ ọ́."

Ó yíjú padà tòun ti òwú tó rọ̀ létí rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí omi tútù dé orí awò àti òróró ẹ̀pà. Nígbà tí mo dé orí túmọ́ọ̀ Bénẹ̀, ó bo ẹnu. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí irun tí mo ti dì fi tú.

"Màdámù, ṣé ikú mi lo fi ń rẹ́rìn-ín?"

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ẹ yá mi ní ìkótí yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìkótí kọ nǹkan sórí iyẹ̀pẹ̀, ó tún kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀. Mi ò lè ka Faransé, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò kọ́ wa ní a, b, d èdè wa, mo sì rí i pé ìkejì ní àlàfo láàárín, èkíní kò ní.

"Èyí òkè yìí, kókó ara ni," ló wí. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Èyí ìsàlẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ méjì ni, òun ni o-ó-kú. Bí ènìyàn bá pè wọ́n, ohùn kan náà ni. Ìbejì ni wọ́n. Ojú ló lè yà wọ́n, etí ò lè yà wọ́n."

"Bénẹ̀ ńkọ́?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. "Ìyẹn tún ni. Ọ̀rọ̀ kan wà lédè Faransé tí àwọn dókítà máa ń lò fún kókó tí kò ní ìkà nínú, tí kì í pani. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó fún kókó, ó yẹ kí wọ́n pè é bí ohun obìnrin, béníìn. Dókítà yín pè é bí ohun akọ. Bí ẹ bá pè é bí akọ, bí orúkọ orílẹ̀-èdè wa gẹ́lẹ́ ló ṣe máa dún."

"Kókó tún ní akọ àti abo?"

"Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, àga pàápàá ní."

Mo wo ohun tó kọ sílẹ̀. Ara mi kò tíì balẹ̀. Ẹnì kan ti túmọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, ó sì túmọ̀ ikú. Ìyẹn ìkejì túmọ̀ ìyè, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ nígbà tí dókítà sọ ọ́. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀tọ́ yín ni," ló wí. "Ọjọ́ tí ẹ máa lọ, mo máa bá yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ parí orí mi, n ò lè bá yín jáde báyìí."

A lọ, àwa mẹ́ta. Olùkọ́ ló bá dókítà sọ̀rọ̀. Mo ń wo ojú dókítà náà ní gbogbo ìgbà tí obìnrin yẹn ń ṣàlàyé, mo rí i tí ó kọ́kọ́ yanu, tí ó pọ́n dé etí, tí ó wá dìde tó mú ọwọ́ mi méjèèjì, tó ń bẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo òkè àjà.

Dókítà tún kán òróró, ó tún gbé awò lé e, ó ní kí olùkọ́ náà wò ó, ó sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ní orí ìka ènìyàn, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa bá ìka gba òtútù àti ooru. Ọ̀kan nínú wọn ló ta kókó lára mi. Ìdí nìyẹn tí omi tútù fi ń pa mí. Ó ní awò òun kò lè búra. Ohun tó lè ṣe ni pé kó fi àwọ̀ àti ìrísí han òun, kí òun lè mọ ibi tí òun máa gé kí òun má bàa ba èékánná jẹ́. Bí òun bá ti yọ ọ́, òun á fi ránṣẹ́ sí Kútọnu kí wọ́n fi awò ńlá wò ó, ìgbà yẹn ni ó máa dájú.

"Ìka mi ńkọ́?" ni mo béèrè. Ìyẹn ni mo wá gbọ́.

Olùkọ́ bi í. Dókítà gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ sókè, ó mì í síwájú mi, ó sì tọ́ka sí tèmi.

"Ó ní ẹ máa gbé e lọ sílé," ni olùkọ́ wí.

Mo ní kó máa ṣe é lọ.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní ìdí ìka, ọwọ́ mi kú. Mi ò yíjú. Ó gbé èékánná náà sókè díẹ̀ bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, ó fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá inú rẹ̀, ó sì mú nǹkan jáde sórí aṣọ funfun. Ó gbé e wá síwájú mi. Kò tó hóró ọkà bàbà. Ó rọ̀, ó pọ́n díẹ̀.

"Èyí náà ni?" ni mo wí. "Èyí náà ló fẹ́ kí n kú fún Bénẹ̀?"

Olùkọ́ kọ̀ láti túmọ̀ ìyẹn.

Ó dùn mí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìrora ọgbẹ́ lásán tí ènìyàn mọ̀ pé yóò tán. Mo sinmi iṣẹ́ títí ó fi san. Èékánná náà padà hù, ìlà kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lára rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Èsì ti Kútọnu pẹ́ kó tó dé, bí gbogbo ohun tó ń bọ̀ láti Kútọnu. Nọ́ọ̀sì ọmọ Dẹndi yẹn ló mú un wá bá mi ní ọjà, ó wá dirun. Ó ní ohun tí awò kékeré rí náà ni awò ńlá rí. Ó tún bẹ̀ mí nítorí ìpàdé ọjọ́ yẹn. Mo ní kò sí nǹkan, ṣé ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé náà tiẹ̀ dáa? Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó dáhùn pé òun ò rántí.

Nílé wa, ọ̀rọ̀ yẹn kò kú. Bí ọmọ kan bá ní orí ń fọ́ òun nítorí kò fẹ́ ṣiṣẹ́, a ó ní túmọ́ọ̀ Bénẹ̀ ló ń ṣe é. Ọkọ mi kì í bá wa rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní Faransé òun péye, dókítà ni kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, mo jí ní ìdájí ọjọ́ kan, mi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo lọ sídìí ìkòkò, mo ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú omi títí dé ọrùn ọwọ́. Mo dúró. Omi náà tutù, ó sì jẹ́ òtútù lásán. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ara ìkòkò. Kò sí nǹkan kan.

Bí mo ṣe ń yọ ọwọ́, mo gbọ́ ìró igi tí wọ́n ń ṣẹ́. Ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ààrò, ó ń fẹ́ iná sábẹ́ omi àlùwàlá mi. Ó ti mọ̀ pé ìka náà ti san. Òun gan-an ló sọ fún gbogbo Zongo. Mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo padà lọ jókòó sórí àpótí, mo sì dúró de bútà.